Acrylic àbí polycarbonate: èwo ni kí ẹ fi ṣe fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò?

Pé àwọn ike méjèèjì tó mọ́ gaara yìí fúyẹ́ ju gíláàsì lọ, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ tààrà síbi tí mo ti fowó ṣòfò: ìgbà tí a bá ń fi iná rọ ike kó lè tẹ̀ bí fèrèsé.

Acrylic kì í bá iná jà. Ní nǹkan bíi 160°C, ó ti rọ̀ bí awọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun tí ẹ fẹ́ kó jọ, ó gbà bẹ́ẹ̀.

Polycarbonate máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ojú kò sì ní rí i. Mo gbé èyí tó nípọn tó mìlímítà 3 sínú ààrò ní 180°C, ó lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo ní iná ló pọ̀ jù. Mo ra òmíràn, mo dín iná kù, ó tún lé ròrò. Ike méjì ti lọ kí n tó mọ̀ pé omi inú rẹ̀ ló ń hó! Ẹ ṣí ọ̀rá ojú rẹ̀ méjèèjì kúrò, ẹ yan án ní nǹkan bíi 120°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ẹ tó fi iná kún un lójú ẹsẹ̀. Àjákù kékeré ni kí ẹ fi dán an wò ṣáájú. Èyí tí wọ́n kun lójú kó má baà tètè họ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò gba iná rárá. Ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Àmọ́ bí fèrèsé yín bá tẹ̀ sí apá kan ṣoṣo, ẹ lè tẹ polycarbonate ní tútù. Ìtẹ̀ oní-mìlímítà 3 kò kàn gbọdọ̀ há ju ti ohun róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 600 mìlímítà lọ. Acrylic á sán tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti híhọ, acrylic sàn ju polycarbonate tí wọn ò kùn lọ. Pẹtiróòlù ń ba méjèèjì jẹ́. Kí ihò bóòtì fẹ̀ ju bóòtì lọ, torí oòrùn máa ń mú kí ike fẹ̀. Ẹ wádìí òfin ojú pópó kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Ẹni tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ sí apá méjì pọ̀, tí kò ráyè yan ike, lè mú acrylic. Ṣùgbọ́n bó bá fọ́, ó máa ń mú ṣáṣá, ojú èèyàn ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Polycarbonate tí mo tẹ̀ ní tútù ló wà lára ilẹ̀kùn mi báyìí.