Victorinox Huntsman àti Leatherman Wave+: èwo ló yẹ kó máa gbé inú àpò?

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Láti Ògo-Olúwa títí dé ẹ̀yìn Ọjà Ọba, orí òrùlé ni ẹ óò ti rí mi, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà nítorí súkúrú kan. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fi ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tó ń ká ṣeré. Méjèèjì yìí ni mò ń lò, mo sì ti mọ èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Ilé iṣẹ́ tí Karl Elsener dá sílẹ̀ ní Swítsàláńdì lọ́dún 1884 ló ń ṣe Huntsman. Bí a bá ká a tán, mìlímítà 91 ni gígùn rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju gíráàmù 97 lọ, kódà èèyàn á gbàgbé pé ó wà lápò. Ayùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀ka máńgòrò tó bá ń ṣíji bo páánẹ́ẹ̀lì, bí kò bá ti ki jù, ayùn kékeré yìí á rẹ́ ẹ wálẹ̀. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ mú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ a máa yá a lọ́wọ́ mi láti fi gbẹ́ fóòmù tó fi ń tẹ àbẹ́là sára aṣọ. Ó ní abẹ kékeré inú rẹ̀ ń yí kọ́nà ju réésà lọ, torí réésà a máa tẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ: ojú ọ̀bẹ rẹ̀ kì í ti ara rẹ̀ pa. Sípíríǹgì ẹ̀yìn nìkan ló dì í mú. Ẹ má fi gún nǹkan líle, torí bó bá ká padà, ìka yín ló máa bá.

Ti Leatherman yàtọ̀. Lọ́dún 1975, Tim Leatherman ará Amẹ́ríkà ń fi mọ́tò àlòkù tó ń yọnu káàkiri Yúróòpù. Ọ̀bẹ wà lápò rẹ̀, pláyà ni kò sí. Ibẹ̀ ló ti ronú kan irinṣẹ́ tó ní ọ̀bẹ àti pláyà pọ̀, àmọ́ ó di 1983 kó tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Portland. Pláyà yẹn náà la torí ẹ̀ ń ra Wave+. Ó ń gé wáyà sólà láìjanpata, ibi tó fi ń gé e sì ṣeé yọ kúrò, kéèyàn fi òmíràn síbẹ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi ń ṣí ọ̀bẹ rẹ̀, ọwọ́ kejì á di àkàbà mú, bó bá sì ti ṣí, ó ti ti ara rẹ̀ pa nìyẹn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Irin lásán ni èèkù rẹ̀, kò ní rọ́bà. Ẹ má fi kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀. Páánẹ́ẹ̀lì pàápàá ń gbé iná jáde níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ṣì ń ràn, bí ẹ tilẹ̀ ti pa inverter.

Ìwúwo ni ìṣòro Wave+. Gíráàmù 241 ni, bí mo bá wọ bùbá àti ṣòkòtò, ńṣe ló ń fa àpò wálẹ̀. Ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ lóòótọ́: bí súkúrú olórí ìràwọ̀ tó so ó pọ̀ bá dẹ̀, kò sí ohun tó wà lára rẹ̀ tó lè dè é, àfi kẹ́ ẹ wá irinṣẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀ ó sàn ju ayédèrú tí ọmọ iṣẹ́ mi rà lọ fíìfíì. Ẹnu pláyà tìyẹn kì í pàdé rárá.

Ní ti pípọ́n, ẹ má gbé wọn fún àwọn tó ń fi òkúta oníná pọ́n ọ̀bẹ. Bí ooru bá pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀bẹ, líle tí wọ́n ti fún irin náà á lọ. Ẹ óò máa pọ́n ọn lójoojúmọ́, á sì máa kúnu lójoojúmọ́. Òkúta ọwọ́ àti omi ti tó. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá wọ oríkèé rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i.

Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lowó yín ká, tí wáyà kì í sì í ṣe iṣẹ́ yín, Huntsman ni kẹ́ ẹ rà. Wave+ tèmi ń gbé inú báàgì iṣẹ́. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ òfúrufú, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí, torí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú un wọlé.