Oṣù mẹ́ta tí èmi àti ọmọ mi fi kọ́ fẹ́nsìn ní Ìlọrin

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń wà láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀yìn sì ti ń ro mí tipẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ló gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní fẹ́nsìn ní gbọ̀ngàn àdúgbò kan ní Tanke. Fífi idà jà kẹ̀? Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, ìyẹn ni mo mọ̀. Mo tẹ̀lé e lọ wo ohun tó fẹ́ kó wọ̀, bí èmi náà ṣe forúkọ sílẹ̀ nìyẹn. ₦8,000 lóṣù ni tàgbà, ₦5,000 ni tọmọdé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ẹ má retí idà lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹsẹ̀ nìkan la kọ́: ẹsẹ̀ ọ̀tún dojú kọ iwájú, ti òsì dábùú lẹ́yìn, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, síwá, sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan ò sì gbọdọ̀ ré èkejì kọjá. Itan ro mí débi pé mi ò lè wa ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ kejì. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà wà láàárín wa. Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jókòó, kò sẹ́ni tí í yọ wọ́n lẹ́nu.

Fọ́ìlì ni idà tí wọ́n fún wa. Kò ju 500 gíráàmù lọ, kò mú, orí rẹ̀ kú, ó sì máa ń tẹ̀ kọrọdọ bó bá kanni. Mo fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá dì í mú bí ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ. Àyà, ikùn àti ẹ̀yìn nìkan ni gígún ti ń jẹ́ àmì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 5 ló borí. Bí idà àwọn méjèèjì bá jọ kanra wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ na idà síni ló ni ẹ̀tọ́ sí àmì; àfi kí èkejì gbá idà yẹn kúrò lọ́nà kó tó lè dá tirẹ̀ padà. Òfin yìí wù mí gan-an, torí kò fàyè gba kí èèyàn kàn máa rọ́ luni.

Ọlọ́wọ́ òsì lọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ti bá a wí títí lórí ọwọ́ yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ ní kó fi ọ̀tún mú idà, kóòṣì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọwọ́ yẹn gan-an ni yóò fi yọ wọ́n lẹ́nu." Òótọ́ ni, torí ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n bá jà.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ òsì kankan. Ọwọ́ òsì ni síìpù gbogbo wọn wà, kó má bàa kọjú sí idà. Lára ọmọ mi, ibi tí idà ń bọ̀ gan-an ló wà. Ojú télọ̀ ni mo fi rí i. Mo ní kí n rán òmíràn, kóòṣì kọ̀: aṣọ tí idà ò lè gún ni, kì í ṣe èyí tí mo lè rà lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọmọ fi ń dá ẹsẹ̀ kọ́ kí wọ́n tó rí ọ̀kan.

Ìbòjú 6 ni gbogbo àwa 17 ń pín lò. Wáyà ọ̀kan ti tẹ̀ wọnú. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ní 1982, ní Róòmù, idà kan ṣẹ́, ó gba inú ìbòjú eléré fẹ́nsìn kan, Vladimir Smirnov, kọjá, ìyẹn ló sì pa á. Ìtàn yẹn ni mo rán an létí. Ó kó ìbòjú náà kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ó yẹ kó ti rí i ṣáájú mi.

Bí ìjà bá parí, ọwọ́ tí kò mú idà la fi ń bọ ara wa lọ́wọ́. Nígbà tí Bàbá Tíṣà na òsì sí mi, mo kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí n tó rántí. Ọmọ mi ló máa ń fi ọ̀tún bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, á sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú lábíyá.

Mo ti san ti oṣù kẹrin fún àwa méjèèjì. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú aṣọ ìnujú tiyín dání.