Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí iná iwájú ọkọ̀ yín ń ṣe bàìbàì

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti dàgbà. Ẹnì kan wà lágbègbè wa tó ń ta pátì ọkọ̀, tó tún ń ṣe rìwáyà, ìyẹn iṣẹ́ iná ọkọ̀, mọ́ ọn. Bí iná iwájú ọkọ̀ yín bá ń ṣe ségesège tí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní fi tẹ́sítà kan ibì kankan tí yóò fi ní wáyà inú ọkọ̀ ti jóná tán, kí ẹ lọ wá owó wá. N kò dárúkọ rẹ̀, torí àwọn mìíràn ti ń kọ́ ọgbọ́n náà; ọgbọ́n ọ̀hún ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Golf 3 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wà. Iná ọ̀tún ń tàn yòò, ti òsì pọ́n bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Iná búlúù kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń tàn fírífírí nígbà tí kò tilẹ̀ tan fúlù, ìyẹn iná tó ń ríran jìnnà. Ó gbé e lọ bá ọkùnrin yìí, ọkùnrin náà ní iná búlúù yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé àwọn wáyà ti jó mọ́ra wọn. Irọ́ ni. Ó gba 85,000 náírà fún wáyà tuntun, ojú iná tuntun àti gílóòbù tó ní ó lágbára.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ike tó ń jó. Rìwáyà kan ní Ẹ̀gbẹ̀ ló tú u lójú wa. Ike tó di ìdí gílóòbù mú ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. 60/55W (agbára fúlù àti ti iná ilẹ̀) ló wà lára páálí tí wọ́n fi tà á, 100/90W ló wà lára irin ìdí gílóòbù fúnra rẹ̀. Ní fóòtì 12, 60W ń fa ámpíà 5, 100W ń fa ju 8 lọ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti súwíìṣì inú ọkọ̀ àtijọ́ kò lè gbé e. Ohun tó bí mi nínú jù ni fíúsì. Ọkùnrin tó ta pátì yẹn yọ fíúsì ámpíà 10 tó pupa, ó ki ti ámpíà 20 tó jẹ́ yẹ́lò bọ̀ ọ́ kó má baà já. Jíjá yẹn ni iṣẹ́ fíúsì, òun ni kì í jẹ́ kí iná sọ lára wáyà! Wáyà "tuntun" ńkọ́? Ti tẹ́lẹ̀ náà ni, téèpù dúdú ló wé mọ́ ọn.

Kí wá ló ń ṣe ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Rìwáyà yẹn mú wáyà kékeré kan, ó fi orí kan kan ẹnu nẹ́gátíìfù bátìrì, ó fi orí kejì kan wáyà búráwùn tó wà lẹ́yìn iná òsì. Lójú ẹsẹ̀ ni iná náà tàn yòò. Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ni kò dáa: nọ́ọ̀tì tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Bí iná kò bá rí ọ̀nà padà níbẹ̀, yóò gba inú wáyà fúlù jáde, ìdí tí búlúù fi ń tàn nìyẹn. Ó fi sáńpépà ha á, ó dè é le, ó fi gírísì sí i, ó parí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó yọ owó, ẹ ní kó pààrọ̀ gílóòbù òsì àti ọ̀tún síra wọn lójú yín. Bí àìsàn bá tẹ̀ lé gílóòbù, gílóòbù ni. Bó bá dúró síbi tó wà, kó yẹ fíúsì, ẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì wò. Ẹ ka ohun tó wà lára irin gílóòbù, ẹ má ka ti páálí. Pátì tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á, ẹ jù ú sínú búùtù. Ẹni tó bá kọ̀ láti yẹ ẹ́ wò lójú yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Kàbbà sí Obajana lálẹ́, bí tírélà sìmẹ́ǹtì ṣe máa ń dúró sẹ́bàá títì láìtan iná kankan. Ojú iná kan ṣoṣo kò tó níbẹ̀.

Ọkùnrin náà kò tíì dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ̀yin tó ti ṣe irú rẹ̀ fún, ẹ wá rìsíìtì yín jáde, ká jọ lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn. Bí wọn kò bá dá wa lóhùn, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ló kàn.