Lẹ́dà àti gọ́ọ̀mù tí mo fi tún àjà ọkọ̀ Centaur mi ṣe

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ onígbòkun kékeré tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣàì pàdé Westerly Centaur, irú èyí tí mo ní. Ẹsẹ̀ bàtà 26 ni gígùn rẹ̀, iléeṣẹ́ Laurent Giles ló ya àwòrán rẹ̀, iye tí wọ́n sì ṣe láàárín 1969 sí 1980 lé ní 2,400. Fáíbà (fiberglass) tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ ṣì le koko. Inú yàrá rẹ̀ ni ọjọ́ ogbó ti ń hàn: lẹ́dà àjà á tú, á máa rọ̀ sílẹ̀ lé ẹni tó sùn lórí.

Fóòmù tín-ín-rín ẹ̀yìn lẹ́dà ló ń fà á. Lẹ́dà fúnra rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin á jẹ fóòmù náà títí á fi di lẹ́búlẹ́bú. Ohun kan náà ló ń ṣe òrùlé inú àwọn mọ́tò àtijọ́ l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àǹfààní nínú kéèyàn kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ gbọ́dọ̀ ha fóòmù ògbólógbòó yẹn kúrò pátápátá, kí ẹ fi acetone, kẹ́míkà olómi tó ń nu gọ́ọ̀mù àti ọ̀rá kúrò, nu fáíbà náà mọ́. Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, eruku rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Lẹ́dà aláwọ̀ wàrà tó ní fóòmù ni mo rà, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù inú agolo tó lè fara da ooru, torí oòrùn máa ń mú dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn òkè ọkọ̀ tó bo yàrá, gbóná débi tí gọ́ọ̀mù lásán á fi rọ̀. Mo fẹ́ràn lẹ́dà náà gan-an. Ó ń nà, ó ń gba kọ̀rọ̀ láìhunjọ, àkísà tútù sì tó láti nù ún mọ́. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé wọ́n ṣẹ́ ẹ po sínú páálí níbi tí mo ti rà á; ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ pẹ́ kó tó parẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ká a mọ́ igi fún yín.

Gọ́ọ̀mù náà dì mú gidi. Ẹ ó fi pa ojú méjèèjì, ẹ ó dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀; tí wọ́n bá ti pàdé, kò sí àtúntò. Ẹ má lò ó nígbà òtútù, torí omi máa ń sẹ̀ sójú rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ kó jọ sí, iná díẹ̀ láti ara bátìrì tàbí sítóòfù gáàsì sì lè ràn án. Mo pa gáàsì, mo yọ wáyà bátìrì, mo ṣí gbogbo ojú ihò sílẹ̀, mo sì lo ìbòmú oní-fílítà tó ń sẹ́ kẹ́míkà. Ìbòmú eruku kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ara fáíbà kọ́ ni mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ o. Níbi tó tẹ́jú, mo fi lẹ́dà bo plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì fi súkúrúù dè é mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀tì àwọn irin orí dẹ́ẹ̀kì wà lókè níbẹ̀. Bí òjò bá ń jò, mo lè tú pákó kan wò láìya nǹkan kan. Ó gba díẹ̀ nínú gíga yàrá náà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ kọdọrọ nìkan ni mo lẹ̀ tààrà.

Màá tún ra lẹ́dà yìí fún yàrá iwájú. Gọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Màá tún rà á, ṣùgbọ́n ìgbà ooru nìkan ni màá ṣí i.