Òróró Ballistol àti Ìjánu Ìbọn 1911 Mi Tó Le Koko

Ìbọn ìléwọ́ tí mo fi dán òróró yìí wò ni M1911A1 tí iléeṣẹ́ Remington Rand ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí mo rà ní Houston tí mò ń gbé. Àwọn tó bá ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láyé ọjọ́un yóò rántí orúkọ Remington lára táípráítà. Ogun ló sọ oní-táípráítà di alágbẹ̀dẹ ìbọn, kò sì sí iléeṣẹ́ tó ṣe M1911A1 tó tiwọn. Kódà Singer tí ìyá wa fi ń ránṣọ ṣe 500 péré, àwọn olùkó-nǹkan-àtijọ́-jọ sì ń du wọn bí ẹní du góòlù.

Ìjánu rẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn irin pẹlẹbẹ apá òsì tí àtàǹpàkò ń tì sókè kí ìbọn má baà yìn, tí a sì ń tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ yìn ín. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń tì í, síbẹ̀ yóò há sí agbedeméjì bí ilẹ̀kùn tí òjò ti mú wú. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra tuntun, kí n sì ju ti àtijọ́ nù. Mi ò gbà, nítorí irin tí wọ́n fi sí i látilẹ̀ wà lára ohun tí mo torí ẹ̀ rà á.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo yọ àpò ọta, mo fa irin òkè sẹ́yìn, mo fojú wo ihò ọta, mo sì tún fi ìka kàn án kó lè dá mi lójú pé òfìfo ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé òòlù ẹ̀yìn wà ní fífà, nítorí pé bí òòlù 1911 bá wà nílẹ̀, ìjánu rẹ̀ kò ní gòkè láéláé. Bí John Browning ṣe ṣe é nìyẹn, kò bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tí kò mọ èyí tó sì fi púláyà fa tirẹ̀ títí tó fi há.

Òòlù tèmi wà ní fífà, ó ṣì le. Mo tú irin òkè kúrò, mo sì yẹ ọ̀pá tín-ín-rín tó wà lókè ìdìmú wò. Inú rẹ̀ ni sípíríìngì kan wà, pẹ̀lú irin bíńtín ní orí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọjú sẹ́yìn ló ń di ìjánu mú sí ipò rẹ̀. Mo fi igi ìtayín ti èyí tó kọjú síwájú. Ó yẹ kó ta padà, ṣùgbọ́n ó wọlé díẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Ohun kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó dì bí oje igi kaṣú, yí ẹnu ọ̀pá náà ká: gíríìsì àtijọ́ ni.

Ibí ni Ballistol ti wọlé. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní 1904, nígbà tí iléeṣẹ́ ológun wọn ń wá òróró kan ṣoṣo tí yóò bá irin, igi àti awọ mu. Bí a bá pò ó mọ́ omi, yóò funfun bí omi ògì. Mo kán an sí ẹnu ọ̀pá àti sí ìdí ìjánu, mo sì fi ìbọn náà sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi aláwọ̀ dúdú ti ń sun jáde sórí aṣọ, síbẹ̀ ìjánu kò tíì yí padà tó bí mo ṣe fẹ́. Mo tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ìjánu jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì rọra fa sípíríìngì jáde tòun ti irin rẹ̀ méjèèjì. Sípíríìngì náà tẹ̀ díẹ̀ láàárín, ó sì kù díẹ̀ kí n tọ́ ọ kí n tó rántí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó má baà fò jáde kúrò nínú ọ̀pá. Mo fi òwú nu gbogbo rẹ̀, mo sì dá a padà.

Òróró yìí kì í kánjú, ẹni tó bá fẹ́ kí irin tú ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Òórùn rẹ̀ náà kò ṣeé fi pamọ́. Ìyàwó mi ní gáréèjì ni kí ìgò náà máa gbé. Ohun tí mo yìn ín fún ni pé kò ba àwọ̀ irin náà jẹ́, n kò sì fi fáìlì ha ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rà á, kó kọ́kọ́ fi èékánná ti ọ̀pá náà. Bí ó bá ń mì, kì í ṣe iṣẹ́ òróró mọ́, nítorí ìjánu lè má dúró níbi tí a fi í sí. Kó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe. Tèmi kò mì. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni mo fi ń tì í báyìí, ó sì ń dún “kẹ́” lókè, ó ń dún “kẹ́” nísàlẹ̀.