Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì USB ní Computer Village

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà ilé yín mọ́, ẹ má tíì sáré gbé e lọ sí Ìkejà. Jìbìtì kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Oníṣọ́ọ̀bù á tan kọ̀ǹpútà, á wò ó fìrí, á mi orí: "Àrá ti sun káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ẹ̀." Káàdì yìí ló ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó mí, ó ti na èyí tí wọ́n ń kì bọ USB sí yín, tí wọ́n kọ 10/100/1000 (ìyára tó lè dé, ní Mbps, ìyẹn mílíọ̀nù bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gàdàgbà sára páálí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ágége ló kó sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn dán an wò lójú ẹ̀: wọ́n tẹ ping 127.0.0.1 (àṣẹ tó ń béèrè bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn, àmọ́ nọ́ńbà yìí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni), "Reply" ń tò wálẹ̀, wọ́n ní kó wo bó ṣe ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Kọ̀ǹpútà ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn níbẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá sọ káàdì náà sínú ọ̀sà, á ṣì máa dáhùn.

Nígbà tí mo bá a yẹ̀ ẹ́ wò nílé, USB 1.1 la bá nínú ẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò lè ju 12 Mbps lọ láéláé. Fáìlì 1 GB á gbà ju ìṣẹ́jú 11 lọ, ohun tí 1000 gidi ò ní fi ìṣẹ́jú kan ṣe. Èyí tó dunni jù ni pé ti inú kọ̀ǹpútà kò jóná rárá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Windows ṣe fún un ni, wọn ò fi driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì náà, sí i. Àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè wà gedegbe nínú Device Manager, ibi tí Windows ń to ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sí. A fi driver sí i, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ó parí.

Torí náà, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá tàn, ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ fi í sínú ihò mìíràn lára router (àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì). Bó bá tàn, ẹ lọ sí Device Manager.

Bó bá di dandan kí ẹ ra òmíràn, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ router tó lè ṣe 1000, kí wọ́n ṣí Settings, kí ẹ wo iye tó wà níwájú Link speed. Tó bá jẹ́ 100/100, ẹ wo wáyà ná kí ẹ tó pariwo: okùn mẹ́jọ inú ẹ̀ ni 1000 ń lò, àwọn wáyà kan sì wà tó jẹ́ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́ lójú yín.

Kí wọ́n kọ "1000 Mbps" sínú rìsíìtì o. "Káàdì USB" lásán ni wọ́n kọ sí ti ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tó sì padà lọ, wọ́n nàka sí ara ògiri pé ọjà tí àwọn bá ti tà kì í padà. Òfin ọdún 2018 ti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, ohun tó bá wà nínú rìsíìtì lẹ sì máa fi jà.