Ìwádìí Peoples' Climate Vote: ibi tí 80% rẹ̀ wúlò dé

UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ń ṣe ìwádìí yìí láti mọ ohun tí aráàlú ń fẹ́ kí ìjọba ṣe sí ìyípadà ojú ọjọ́. Ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Èyí tí àwọn àti Fásitì Oxford ṣe ní 2024 dára ju ti 2021 lọ, ọ̀nà tí wọ́n fi rí àwọn tó dáhùn ló sì fà á. Ní 2021, inú géèmù orí fóònù ni ìbéèrè ti ń yọ sí èèyàn lójú, 1.2 mílíọ̀nù ló dáhùn ní orílẹ̀-èdè 50, àwọn ọ̀dọ́ sì pọ̀ gan-an nínú wọn. Ní 2024, ṣe ni wọ́n ń tẹ àwọn èèyàn láago, láìṣa ẹni kan lẹ́ṣà: èèyàn tó lé ní 73,000, orílẹ̀-èdè 77, èdè 87, ìbéèrè 15. Ẹni tí kò ní fóònù ò sí níbẹ̀ o. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà ọdún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ wá sọ pé èrò aráàlú ti yí padà. Òṣùwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé kiri jù nínú ti 2024 ni 80%, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí ìjọba wọn tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ sí i. Òótọ́ ni, àmọ́ ìbéèrè náà kò dárúkọ owó. Ó rọrùn láti ní kí ìjọba ṣe sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ iye tí yóò tàpò ẹni jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣètò owó orí lórí epo, ẹ kọ́kọ́ ka bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà, kí ẹ tó wo ìdá tó fara mọ́ ọn.

Ẹ wá ka ìwádìí orílẹ̀-èdè 125 tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Climate Change ní 2024 mọ́ ọn. Ìyẹn dárúkọ iye: ṣé wàá máa yọ 1% nínú owó tó ń wọlé fún ilé rẹ lóṣooṣù láti fi gbógun ti ìmóoru ayé? 69% ní àwọn gbà. Ohun tó ṣeyebíye jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn fojú bu iye ará ìlú wọn tó máa gbà, 43% ni wọ́n rò. Olóṣèlú tó ń bẹ̀rù pé aráàlú yóò lòdì sí òfin ojú ọjọ́ lè máa bẹ̀rù ohun tí kò sí.

Bí UNDP bá tún máa ṣe òmíràn, ìbéèrè kẹrìndínlógún tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni: èló lo lè san, ọwọ́ ta ló sì yẹ kí owó náà padà sí?